Ta Ni Yóò Máa Ya Irun Rẹ̀?

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ká ẹní rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí ooru gba Òṣogbo kan, ni ọ̀rọ̀ irun ajá ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi. Mo mọ bó ṣe ń dún. Iná ọba ń ṣe ségesège, owó gaàrì ń gun òkè àjà, èèyàn wá jókòó ń ro àròjinlẹ̀ nítorí irun ajá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kékeré bá ti kọ̀ tí kò lọ, tó ń báni dé orí ibùsùn, a jẹ́ pé ó ní ohun mìíràn tó gbé sínú.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá náà. Àbúrò mi obìnrin ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. (Àṣà àtijọ́ ni, kéèyàn fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn lè máa gbọ́ ọ nígbàkigbà tí a bá ń pe ajá wá jẹun. Ta ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bá wí, kò sọ fún wa.) Nígbà tí físà Kánádà rẹ̀ jáde, ajá bọ́ sọ́wọ́ èmi àti Màmá. Àṣẹ kan ló fi lélẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé irun rẹ̀ o." Màmá náà ní àṣẹ tirẹ̀, ó sì ń tún un pa láràárọ̀: "Lọ fá nǹkan yìí kodoro, kí atẹ́gùn ráyè dé ara rẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí ooru pa á ni?"

Ọ̀kan ní kí n má gé e rárá, èkejì ní kí n fá a tán. Èmi tí mo wà láàárín ni yóò gbé ajá jáde nílé.

## Irun ilẹ̀ olótùútù

Lhasa Apso ni Tanímọ̀la. Wọ́n ń pè é ní ajá òyìnbó ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n òyìnbó kọ́ ló ni ín. Tibet, ilẹ̀ olókè kan ní Éṣíà, ni ìran rẹ̀ ti wá, ní àyíká Lhasa, ìlú tó ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 3,650 mítà. (Nígbà tí ìyá kan ní ojúlé kejì gbọ́ orúkọ yẹn, kíá ló fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Lásà kẹ̀?" Mo ní ibà Lásà yàtọ̀ o, mà: ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ lọ́dún 1969, eku ló sì ń gbé e kiri. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì dá a lójú títí di òní.)

Inú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà àti ilé àwọn ọlọ́lá ló ń gbé lọ́hùn-ún. Ajá ńlá á wà lẹ́nu ọ̀nà, eléyìí á wà nínú ilé, á máa tẹ́tí. Bó bá gbọ́ ìró tí kò mọ̀, á gbó, gbogbo ilé á jí. Ẹ̀bùn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe. Dalai Lama Kẹtàlá, olórí ẹ̀sìn Búdà ní Tibet, fi méjì ta ará Amẹ́ríkà kan lọ́rẹ lọ́dún 1933, nígbà tó sì di 1935, American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń kọ irú ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti kọ irú ajá náà sínú ìwé wọn.

Níbi tí òtútù ti ń wọ egungun, irun gígùn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìpele méjì ló jẹ́. Ti òkè le, ó wúwo, á pín sí méjì láàárín ẹ̀yìn, á sì ṣàn dé ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti abẹ́ rọ̀, òun ló ń pa ooru ara mọ́. Bí ẹ bá rí i nínú àwòrán àwọn ajá ìdíje, ẹ ó gbà pé ó rẹwà. Àwòrán bẹ́ẹ̀ ló wà lójú fóònù àbúrò mi. Ọwọ́ tó wà lẹ́yìn irun yẹn ni àwòrán kò yà: ẹnìkan wà tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń gbẹ ẹ́, tó ń fi òòyà tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kì í jẹ́ kó bá ọmọdé sáré wọ inú koríko.

Tanímọ̀la ní tirẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló fẹ́ràn. Ibẹ̀ sì ni èèmọ́ pọ̀ sí. Ẹni tó bá ti gba inú igbó kékeré kọjá rí mọ èèmọ́, bó ti so mọ́ aṣọ, ó di dandan kéèyàn jókòó yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi ẹrẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ kún un, kí ẹ fi irun tó ń gbá ilẹ̀ kún un.

## Oníkálukú àti àbá tirẹ̀

Kò sẹ́ni tí kò dá sí i. Àwọn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní a kì í gé irun ajá rárá, pé irun náà ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ooru. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ibi tó ti jóòótọ́. Ajá Jámánì ńláńlá tí a fi ń ṣọ́lé, bí a bá fá irun rẹ̀, òmíràn kì í hù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Irun ti Lhasa kò rí bẹ́ẹ̀, gígùn ló ń gùn lọ. Bí a bá gé e, á tún hù. Ìmọ̀ràn tó dára fún ajá kan ni wọ́n gbé wọ ajá mìíràn lọ́rùn.

Ti Màmá náà kò tọ̀nà délẹ̀. Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni òógùn ti ń jáde lára rẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ló sì fi ń lé ooru jáde. Kéèyàn wá fá a kodoro kò ní sọ ọ́ di ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù. Awọ tí irun ti bò láti kékeré ni oòrùn máa rí jó, ẹ sì mọ irú oòrùn tó ń ràn ní Òṣogbo nínú oṣù kẹta. Síbẹ̀, irun tó ti dì pọ̀ ń há ooru mọ́ ajá lára. Màmá rí nǹkan. Oògùn tó kọ fún un ni kò bá àìsàn mu.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti bàbá kan tó ń ta ewé àti egbò nítòsí ọjà Ìgbọ̀nà. Ó wo ajá láti orí dé ìrù, ó ní, "Dàda rèé. A kì í gbé abẹ lé orí Dàda lásán o." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Irun ọmọ tó jẹ́ Dàda, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń hù jáde láti orí, kì í dun ọmọ náà, bí ọjọ́ à ń gé e bá sì pé, ẹbí á pé jọ, oúnjẹ á wà, a ó ṣe ohun tó yẹ. Èyí tó wà lára Tanímọ̀la, òkú irun ni, tó já tí kò rí ọ̀nà jáde, tó wá lọ́ mọ́ èyí tó wà láàyè. Ti Dàda, ọ̀run ló ti mú un wá. Èèmọ́ àti omi ló dá ti ajá.

## Òòyà onírin

Ní ọjọ́ tí àríyànjiyàn náà sú mi, mo gbé ajá lọ sí ilé ìtọ́jú ẹranko kan ní apá Òkè-Fìà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń gé irun níbẹ̀. Ó tẹ́ rọ́bà sórí tábìlì kí ẹsẹ̀ ajá má baà yọ̀, ó gbé Tanímọ̀la lé e, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́yìn títí tó fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Lójú, irun náà ń dán. Obìnrin kan tó gbé ọmọ ológbò wá ní, "Ẹ wo irun bí irun!"

Ọmọkùnrin náà kò fèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó fi ọwọ́ òsì gbé irun sókè, ó ya ìlà kan tààrà títí awọ fi hàn. Ó fi òòyà onírin sí ìdí ìlà yẹn gan-an, ó fà á wálẹ̀. Ó lọ geere. Ó já irun díẹ̀ sílẹ̀ láti òkè, ó ya ìlà mìíràn, ó tún fà á. Bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè bọ̀. Nígbà tó dé ẹ̀yìn etí, òòyà dúró. Kò fipá fà á. Ó yọ ọ́, ó mú ìka mi, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Lábẹ́ irun tó ń dán yẹn, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà, ó le bíi fóòmù tí wọ́n ti jókòó lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ awọ. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, Tanímọ̀la yí orí padà, ó lá ọwọ́ mi, irú èyí tí ajá máa ń lá nígbà tó bá ń bẹ èèyàn pé kó fi òun sílẹ̀.

"Ó wà lábíyá náà," ó wí. "Ó wà ní itan. Ó wà níbi tí okùn ọrùn ti ń ra á."

Ojúlarí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tà lọ́jà, òkè irun ló ń dé; abẹ́ ni kókó ti ń ta. Ibi tí ara bá ti ń ra ara ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá wá kàn án kí a tó tú u, bó ṣe ń gbẹ ni yóò máa fún pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ní a kì í wẹ ajá onírun kí a tó ya á. Yíya ló ń ṣáájú. Gbogbo ìgbà tí ajá bá sì gbé ẹsẹ̀, kókó abíyá á fa awọ. Ìrìn lásán á máa dùn ún.

Ó gbé kílípà kékeré gba abẹ́ kókó ẹ̀yìn etí kọjá. Kò lo àlùmọ́gàjí, ó ní awọ máa ń fà wọ inú kókó, ẹni tó bá fi àlùmọ́gàjí gé e lè gé awọ mọ́ ọn. Nígbà tí kókó ṣí kúrò, abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó rin. Eégbọn kan wà níbẹ̀, àwọ̀ eérú, ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó bámúbámú. Ó fi ẹ̀mú kékeré dì í mú nítòsí awọ, ó fà á tààrà, kò lọ́ ọ. Irú eégbọn tó ń bá ajá gbélé yìí, abo rẹ̀ lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ihò ògiri, ó sì ń gbé kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ kiri. Kò sẹ́ni tó lè rí i láti òkè irun.

Ìgbà yẹn ló béèrè, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ajá: "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ti ẹwà sílẹ̀ ná. Ta ni yóò máa ya irun rẹ̀?"

Mo ní kí ló fà á.

"Bí ẹ bá fẹ́ kó gùn, kò burú, ojoojúmọ́ ni yíyà, láti ìdí, bí mo ṣe ṣe é yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n gé e kúrú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà tó, kí ẹ sì máa gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó wà nílé yín ná, mà."

Mo wo ọwọ́ tó wà nílé wa. Èmi: kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìwé àwọn ọmọ ni mo ń máàkì lálẹ́. Màmá: èjìká ọ̀tún rẹ̀ kì í gbé sókè mọ́. Àbúrò mi: Kánádà. Kò sí ẹnì kẹrin. Nínú gbogbo àríyànjiyàn tó ti wáyé lórí ajá yìí, kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn.

## Ẹni tó ń wò, ẹni tó ń ya

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àbúrò mi ló fi òwe yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé òun ló ni ajá, kí a má gbé abẹ lẹ́yìn òun. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní iṣẹ́ rò. Ta ni olórí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Olórí wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ó ń lá ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ kúkú ni a ó fi gé e. Ẹnu tí yóò fi dá sí i ni kò ní. Ẹni tó sanwó ajá kọ́ ló ń ru irun náà kiri nínú oòrùn.

Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni méjì ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bí irun yóò ṣe gùn tó: ẹni tó ń gbé e sára àti ẹni tó ń ya á. Ẹni tó ń wò ó lè gbà wá nímọ̀ràn.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ará Òṣogbo. Ọ̀ṣun tí a ń kì ní Sẹ̀ẹ̀gẹ̀sí olóòyà iyùn, òòyà ló wà nínú oríkì rẹ̀. Ẹni tí orí àwọn obìnrin bá sì wú lórí nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, kó bi wọ́n léèrè iye wákàtí tí wọ́n fi jókòó sáàárín itan onídìrí, kó tún bi onídìrí léèrè bí ìka ṣe ń ro ó.

Màmá fúnra rẹ̀ ti ja ìjà yìí rí. Nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí dà á láàmú, ó ní kí wọ́n gé irun òun mọ́lẹ̀, irun tó gùn tí gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun fárígá. Wọ́n ní kò dára nínú fọ́tò, àwọn á máa fi owó onídìrí ránṣẹ́. Owó dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n onídìrí kì í sùn sílé wa. Ẹni tí yóò gbé apá sókè láti tú u, láti fi òróró sí i, láti tún un dì, Màmá ni. Ó dá wọn lóhùn lórí fóònù: "Ẹ̀yin lẹ̀ ń wò ó. Èmi ni mò ń sùn lé e." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé obìnrin kan náà tó mọ èyí nípa orí ara rẹ̀ ni kò fẹ́ gbọ́ ti oòrùn lórí awọ ajá. Èèyàn ni gbogbo wa.

Ẹ wọ àwọn àdúgbò tuntun tó wà létí ìlú, ẹ ó rí ilé tí ọmọ ẹni kọ́ láti òkèèrè, pẹ̀lú koríko òyìnbó níwájú rẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí i lọ́hùn-ún. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ilé náà ló ń fa omi kànga ní oṣù kejì, tó ń bomi rin koríko tí ewúrẹ́ aládùúgbò ń jẹ. Ìsìnkú àwọn àgbà tí wọ́n ń fi fóònù ṣètò láti òkèèrè ńkọ́? Mi ò ní wọ ibẹ̀ lónìí.

Mi ò bú àwọn ará wa o. Owó oúnjẹ ajá, ọwọ́ àbúrò mi ló ti ń wá. Mo sì mọ ìdí tí irun yẹn fi jẹ ẹ́ lógún. Ní alẹ́ tó di ẹrù rẹ̀ tán, ilẹ̀ ló jókòó sí, tó ń fi ìka tú irun Tanímọ̀la láìsọ̀rọ̀. Bó bá pe fídíò, kó tó kí Màmá tán ló ti ń béèrè ajá. Láti ìgbà tó ti lọ, wọ́n ti kun ògiri ilé, wọ́n ti gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ọmọ tó fi sílẹ̀ ní ìrákòrò ti ń sáré. Irun ajá ló kù tó wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò nílé.

## Ohun tí a gé, ohun tí a fi sílẹ̀

A gé e. Ní gbogbo ara, a fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ sílẹ̀, kí oòrùn má baà kan awọ. Ikùn àti ìdí kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìmọ́tótó. Irun tó wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀, ó kó o kúrò pátápátá, èèmọ́ sì jáde níbẹ̀. Ti iwájú ojú, ó gé e kó má baà máa gún ẹyinjú. Etí, ìrù àti irùngbọ̀n nìkan ni mo ní kó jẹ́ kó gùn díẹ̀, nítorí àbúrò mi. Ibi mẹ́ta yẹn, mo lè yà wọ́n kí omi tíì tó hó. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń fi irin kílípà kan ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá ti gbóná, á gbé e sílẹ̀ kó tutù, torí irin gbígbóná lè jó awọ ajá kí èèyàn tó fura. Mo fẹ́ràn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀, Tanímọ̀la gbọn ara, ó yí wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bẹ́ sáré. Ó kéré ju bí a ṣe rò lọ gan-an. Irun ni ó tó ìdajì ajá wa. Màmá ní wọn ò gé e tó, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló gbé e sórí itan tó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Sátidé ni ọjọ́ rẹ̀ báyìí. Òwúrọ̀ ni mo ń wẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ya á, kí oòrùn lè bá mi gbẹ ẹ́; ẹni tó bá gbára lé iná láti lo dúráyà ní ìlú yìí, ajá rẹ̀ á sùn pẹ̀lú omi lára. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ajá ni mo ń lò. Ọṣẹ dúdú dára, èmi náà ń fi wẹ̀, ṣùgbọ́n ó le jù fún awọ ajá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fi oògùn ìfọlé-ìyàgbẹ́ lé eégbọn lára ajá, májèlé ni. Bó bá gbẹ tán, màá fi ìka wá ẹ̀yìn etí, abíyá àti àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi rí i lórí fídíò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ ọ́ di ajá ẹlòmíì." Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀yìn etí ajá níbi tí egbò ti ń san, mo jẹ́ kó wò ó. Kò sọ ti ìyẹn mọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ń bọ̀ nílé ní Oṣù Kejìlá, ọyẹ́ á ti dé, ṣé a ò ní jẹ́ kó hù padà kí òun lè bá a bí òun ṣe fi í sílẹ̀? Mo ní kò burú. Mo ní kó ra òòyà onírin tó dáa bọ̀ láti ọ̀hún, torí ojoojúmọ́ ni, aago mẹ́fà àárọ̀ ni màá sì máa gbé ajá wá bá a lórí ibùsùn.